Ewé, Egbò àti Hóró: Ìtàn Oògùn Oorun ní Niangon

Niangon jẹ́ àdúgbò ńlá kan ní ìwọ̀-oòrùn Àbíjàn, ní orílẹ̀-èdè Ivory Coast, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Yopougon, níbi tí àwọn Ébrié, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ń pe ara wọn ní Tchaman, ti tẹ abúlé wọn dó sí tipẹ́ kí ìlú ńlá tó nà dé ọ̀dọ̀ wọn. Yopougon di ìjọba ìbílẹ̀ ní ọdún 1980, nígbà tí ìkànìyàn ọdún 2021 sì dé, àwọn olùgbé rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Ìlú aláriwo ni. Ibẹ̀ ni òpópónà olókìkí tí wọ́n ń pè ní Rue Princesse wà, tí orin àti ọtí kì í jẹ́ kí òru ṣú níbẹ̀, títí ìjọba fi wó o ní oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ọdún yẹn kan náà ni ìjà tó tẹ̀lé ìdìbò ààrẹ jà fitafita ní Yopougon títí wọ inú oṣù karùn-ún, lẹ́yìn tí apá yòókù ìlú Àbíjàn ti ń fara balẹ̀. Nítorí náà, kò yani lẹ́nu pé àìróorunsùn jẹ́ ọ̀ràn tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń wá ojútùú sí láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí ó yẹ ní kíkíyèsí ni pé òfin ló pààlà sáàárín ewé àti hóró oògùn, owó ló sì wá fọ́ ọ, kì í ṣe ìṣe aláìsàn fúnra rẹ̀.

Igbó Banco, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọgbà àdáàbòbò ní ọdún 1953, wà ní ìlà-oòrùn Yopougon, ó sì jẹ́ àpẹẹrẹ irú igbó tí àwọn tó kọ́kọ́ gbé ilẹ̀ yìí ti ń já ewé. Ní ọdún 1950, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Kerharo àti Bouquet, tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn ewéko ìwòsàn àti olóró ti Ivory Coast àti Upper Volta, èyí tí a mọ̀ lónìí sí Burkina Faso. Ní ọdún 1979, Édouard Adjanohoun, ọmọ ilẹ̀ Benin, àti Laurent Aké-Assi, onímọ̀ ewéko ti Ivory Coast, ṣe ìwé mìíràn lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ìwé bẹ́ẹ̀ sọ ìmọ̀ eléwé di ìmọ̀ ọ̀mọ̀wé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé eléwé tó fi ewé han ọ̀mọ̀wé kì í sábàá ní orúkọ nínú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní ewé ìbílẹ̀ ni ó sì hù láti ilẹ̀ yìí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀: láti ilẹ̀ ọ̀dàn ní àríwá ni ewé kinkéliba ti ń wá, igi corossol, tí ewé rẹ̀ gbajúmọ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbo oorun, sì ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá.

Ẹ̀ka kejì ìtàn yìí jẹ́ ti àwọn Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Ànàgó níbẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn Faransé ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ojú irin láti Àbíjàn sí òkè ní ọdún 1904 ni òwò ti ń fa àwọn àlejò wá, àwọn Yorùbá sì wà lára wọn, pàápàá àwọn ará Èjìgbò, tí ìlú wọn àti Àbíjàn ti wá dà bí ilé àti oko. Bí aṣọ àti ohun èlò ilé ti ń gba ojú ọ̀nà tó lé ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà kọjá láti Èkó, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ lékulẹ́ja, ìyẹn ẹni tó ń ta egbò, èèpo àti àwọn èròjà oògùn gbígbẹ, ń tẹ̀lé e. Nínú ìmọ̀ yẹn, a kì í tọ́jú àìróorunsùn láìkọ́kọ́ bi aláìsàn pé kí ló fà á, nítorí ibà, ìrònú, ọ̀fọ̀ àti ọwọ́ ayé kò gba oògùn kan náà. Fún ẹni tí ara rẹ̀ gbóná tí ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀, àwọn ewé tútù ni ó kàn, bíi ọ̀dúndún, rinrin àti tẹ̀tẹ̀, tí wọ́n tún ń lò láti tu orí lójú.

Asofẹ́yẹjẹ ni ó le jù lọ nínú àwọn oògùn oorun ìbílẹ̀ yìí. Igi kékeré yìí, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Rauvolfia vomitoria, ń hù káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, egbò rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn Yorùbá sì ń lò láti fi mú wèrè sùn. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aró, ní Abẹ́òkúta, tí Adéoyè Lámbò ń darí, kọ ìwádìí rẹ̀ lórí lílò yìí ní ọdún 1960. Ní ọdún 1952, ilé-iṣẹ́ Ciba ní Switzerland ti yọ èròjà reserpine lára igi mìíràn tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà, èròjà náà sì wà nínú asofẹ́yẹjẹ pẹ̀lú. Reserpine máa ń dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù, ó ń mú ara balẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún lè mú kí ọkàn rẹ̀wẹ̀sì gan-an. Nítorí náà, ẹni tó bá fi egbò yìí wá oorun nítorí ìbànújẹ́ lè sùn lóòótọ́, kí ìbànújẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Àwọn adáhunṣe mọ̀ pé ó le, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í fún ẹnikẹ́ni tó bá kàn sọ pé òun kò róorun sùn.

Hóró ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1903 ni Emil Fischer àti Joseph von Mering ní Jámánì gbé Veronal jáde gẹ́gẹ́ bí oògùn oorun. Phenobarbital, tí àwọn tó ń sọ Faransé mọ̀ sí Gardénal, tẹ̀lé e ní ọdún 1912. Irú àwọn oògùn méjèèjì yìí ṣòro láti lò, nítorí ìwọ̀n tó ń múni sùn kò jìnnà sí ìwọ̀n tó ń pani. Ní ọdún 1957, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta oògùn oorun thalidomide ní Jámánì láìbéèrè ìwé dókítà, wọ́n ní kò lè pa ẹnikẹ́ni lára; nígbà tí wọn yóò fi kó o kúrò lọ́jà ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni wọ́n ti bí pẹ̀lú àbùkù ara. Valium, oògùn ìfọkànbalẹ̀, jáde ní ọdún 1963, àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Vienna ní ọdún 1971 sì fi àwọn oògùn tó ń yí ọkàn padà sábẹ́ ìdarí. Ohun tó kù fún ẹni tí kò ní ìwé dókítà ni àwọn oògùn ara yíyún àtijọ́, bíi doxylamine, tí oorun tó ń kunni jẹ́ àléébù wọn kí ó tó di iṣẹ́ wọn.

Òfin tó pín ewé àti hóró níyà ní ìlú Àbíjàn ni ti ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1954, tó gbé ìlànà ìpoògùn Faransé wá sí àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àkóso rẹ̀: oògùn di ohun tí apoògùn nìkan lè tà. Ní Faransé fúnra rẹ̀, wọ́n ti fòpin sí ìwé ẹ̀rí àwọn eléwé láti ọdún 1941. Lójú irú òfin bẹ́ẹ̀, ohun tó wà lórí àtẹ eléwé ní ọjà kì í ṣe oògùn rárá. Àwọn oníbàárà kò gbà bẹ́ẹ̀.

Owó ló wá fọ́ ààlà náà. Ní oṣù kínní ọdún 1994, wọ́n dín iye owó CFA kù sí ìdajì, tó fi jẹ́ pé ọgọ́rùn-ún CFA ni ó wá ń ra fránkì Faransé kan dípò àádọ́ta, oògùn tó ń ti òkè òkun wá sì wọ́n gógó. Àwọn tó ń pàtẹ oògùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbèrú, pàápàá ní ọjà Roxy ní Adjamé, nínú ìlú Àbíjàn, níbi tí a ti lè ra hóró méjì péré, láìsí páálí, láìsí ìwé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, àwọn agbófinró ya wọ ọjà náà, wọ́n sì dáná sun ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Ní ti ewé, ìjọba ti dá ètò ìgbélárugẹ ìṣègùn ìbílẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 2001, òfin ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2015 sì wá fún àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ní àyè lábẹ́ òfin lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún ó lé kan.

Ìdánimọ̀ yẹn kò yanjú ọ̀ràn ìwọ̀n. Ní ọdún 1999, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé ìwádìí kan jáde láti Guadeloupe, tó so àìsàn kan tó jọ Parkinson, ìyẹn àìsàn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n tó sì ń mú ẹsẹ̀ lọ́ra, mọ́ jíjẹ èso corossol àti mímu omi ewé rẹ̀ lemọ́lemọ́. Ní Àbíjàn, ewé náà ṣì wà lára ohun tí wọ́n ń júwe fún ẹni tí oorun jìnnà sí, iye ewé tí yóò sì wọ inú ìkòkò wà lọ́wọ́ ẹni tó ń sè é.