Ìyàn Tí Ara Ọmọ Inú Kò Gbàgbé

Bí àwọn àgbà bá ń sọ̀rọ̀ ogun Hitler, ìtàn àwọn ènìyàn wa tí wọ́n lọ jà ní Bọ́mà ni a máa ń gbọ́ jù. Èyí tí a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ilẹ̀ Họ́lándì ni ó ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí ogun náà ku oṣù díẹ̀ kí ó parí.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1944, ìjọba Họ́lándì tí ó sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pàṣẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè daṣẹ́ sílẹ̀, kí ọ̀nà lè há mọ́ àwọn ọmọ ogun Jámánì tí wọ́n gba ilẹ̀ wọn. Inú bí àwọn ará Jámánì, wọ́n dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ àwọn ìlú apá ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí wọ́n fi máa gbà kí ọkọ̀ ojú omi kó oúnjẹ wọlé, òtútù ti dé, omi ti di yìnyín. Ní Amsterdam, oúnjẹ tí wọ́n ń fi káàdì wọ̀n fún ẹnì kan lóòjọ́ kò tó 1,000 kálórì mọ́ ní òpin oṣù kọkànlá. Nígbà tí ó yá, ó já sí 400 sí 800. Iṣu òdòdó túlíípù, tí wọ́n ń gbìn fún ẹwà lásán, ni àwọn ènìyàn ń sè jẹ. Nǹkan bí 20,000 ènìyàn ni ó kú kí ìdáǹdè tó dé ní oṣù karùn-ún ọdún 1945.

Ìyàn yìí ní ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ní ìgbà tí ó parí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni pé àwọn agbẹ̀bí kò dẹ́kun àkọsílẹ̀. Nínú ebi, nínú òtútù, wọ́n ń wọn ọmọ tuntun, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwa olùkọ́ tí ó máa ń sú láti pe orúkọ ọmọ iléèwé ní ọjọ́ òjò, ojú tì wá díẹ̀.

Ní ọdún 1976, Ravelli, Stein àti Susser gbé ìwádìí jáde lórí 300,000 ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ọdún 19 tí ìjọba yẹ̀ wò fún iṣẹ́ ológun. Àwọn tí ebi pa ìyá wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún ni ìsanra àsanjù wọ́pọ̀ láàárín wọn. Àwọn tí ebi bá ní ìparí oyún tàbí lọ́wọ́ ìyá, tiwọn kéré. Ẹ kò rí nǹkan! Ní ọdún 1998, ìwé ilé ìgbẹ̀bí kan ní Amsterdam ni àwọn oníṣègùn fi wá àwọn ọmọ ìyàn náà kàn, tí wọ́n ti di ẹni nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Ara wọn kò kápá ṣúgà bí ó ti yẹ, ọ̀nà àtọ̀gbẹ sì nìyẹn.

Báwo ni ara ṣe rántí? Ẹni tí ó bá kọ́ kéwú mọ̀ pé lẹ́tà kan náà ni, àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ ni ó ń sọ bí a ó ti kà á. Jíìnì tí a jogún dà bí lẹ́tà náà, àwọn èròjà kéékèèké tí ó lẹ̀ mọ́ ọn ni àmì. Ní ọdún 2008, Heijmans, Lumey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi àwọn tí ìyá wọn lóyún wọn nínú ìyàn wé ọmọ ìyá wọn tí ìyàn kò bá. Lórí jíìnì IGF2, tí ó wà fún ìdàgbàsókè, àmì náà dínkù lẹ́yìn 60 ọdún. A kò sọ pé àmì kan yìí ni ó fa àtọ̀gbẹ o. Ìwádìí kò tíì dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 2010, ìwádìí kan jáde láti Enugu lórí àgbàlagbà 1,339. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìsanra wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ìyàn ogun Biafra bá nínú oyún tàbí ní ọmọ ọwọ́, ju àwọn tí a bí lẹ́yìn ogun lọ. Àwa náà ti wà lára àwọn tí ń sọ fún alátọ̀gbẹ pé ẹnu rẹ̀ ni ó kó bá a. Àwọn ọmọ ogun náà ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún báyìí. Mélòó nínú wọn ni dókítà ti bi léèrè ohun tí ìyá wọn rí jẹ ní ọdún 1969?