Amọ̀ Tó Ń Fọ Omi: Láti Tokyo dé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Kí ilé-iṣẹ́ tó dé Ìkòròdú, ọ̀sà tó lọ láti ibẹ̀ dé Ẹ̀pẹ́ ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Nígbà tí Nichemtex àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe aṣọ níbẹ̀, tí àdúgbò Odógunyàn sì kún fún ilé-iṣẹ́, iṣẹ́ tuntun délẹ̀: kí wọ́n fọ omi ẹ̀gbin mọ́ kó tó dé ọ̀sà. Álọ́ọ̀mù tí àwọn ìyá wa mọ̀ máa ń mú ẹrẹ̀ rọlẹ̀, ṣùgbọ́n aró tó ti yòrò sómi kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà fún un.

Ọ̀nà mìíràn ti yọjú níbòmíràn. Ní 1967, ní Yunifásítì Tokyo, Akira Fujishima, akẹ́kọ̀ọ́ Kenichi Honda, tan ìmọ́lẹ̀ sí titanium dioxide nínú omi. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ́síjìn jáde. Ìwé ìròyìn Nature gbé e jáde ní 1972. Ní 1976, John Carey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà fi ohun kan náà tú PCB palẹ̀, májèlé tí kì í tètè kúrò nínú omi. Ìmọ́lẹ̀ ló ń jí agbára iná sójú rẹ̀, agbára náà á sì já májèlé sí wẹ́wẹ́.

Ìdènà méjì ló kù kí titanium dioxide tó lè wúlò fún fífọ omi. Ìtànṣán ultraviolet ló ń jí i, èyí tí kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ oòrùn lọ. Èkejì ló le jù: ìyẹ̀fun rẹ̀ kúnná ju èlùbọ́ lọ, ó ń bá omi lọ. Ta ló fẹ́ máa ra tuntun lójoojúmọ́? Làwọn onímọ̀ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, wọ́n pò ó mọ́ irin kí mágnẹ́ẹ̀tì lè fà á jáde, wọ́n sì so ó mọ́ amọ̀.

Nílẹ̀ wa, májèlé tí wọ́n kó láti Ítálì wá dà sí ìlú Kókó ní 1988 ló mú ìjọba dá FEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká, sílẹ̀. Òfin 2007 gbé àjọ NESREA dìde láti rọ́pò rẹ̀. Òfin nílò ohun èlò tí apá ká. Ní Yunifásítì Redeemer's, Emmanuel Unuabonah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Potsdam, Jámánì, ti gbé àpòpọ̀ amọ̀ kaolin àti kóró ìbẹ́pẹ jáde ní 2013 fún fífọ omi. Ní 2019, wọ́n fi bàbà àti zinc kún un, ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ sì ràn án lọ́wọ́ láti pa kòkòrò àrùn inú omi.

Ìkòròdú ní yunifásítì LASUSTECH, Ẹ̀pẹ́ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU). Kí wọ́n gbé irú amọ̀ yìí dé ẹnu gọ́tà ilé-iṣẹ́, kí wọ́n wò ó bóyá bàbà àti zinc inú rẹ̀ ń yọ́ sómi, kí wọ́n sì ka iye ìgbà tó lè fọ omi kó tó rẹ̀ ẹ́. Iye yẹn ni ilé-iṣẹ́ yóò fi mọ̀ bóyá owó rẹ̀ ká a, apẹja náà yóò sì jàǹfààní rẹ̀.