Charles Dutton: Láti Ọgbà Ẹ̀wọ̀n dé Orí Ìtàgé

Ìlú Baltimore, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí Charles Dutton ní 1951. Àdúgbò aláwọ̀ dúdú tí ìṣẹ́ ti ń bá wọn fínra ló gbé dàgbà. Òkò tí àwọn ọmọdé ibẹ̀ máa ń sọ lu ara wọn ló sọ ọ́ ní Roc. Kò tíì jáde ilé ẹ̀kọ́ girama tó ti pa ìwé tì. Ní 1967, òun àti ọkùnrin kan wọ ìjà, ó yọ ọ̀bẹ, ọkùnrin náà sì kú. Dutton rẹ̀wọ̀n he. Kò pẹ́ tó jáde ni wọ́n tún fi ẹ̀sùn ìbọn dá a padà, nígbà tó sì bá wọ́dà jà lọ́hùn-ún, ọdún 8 ni wọ́n fi lé e.

Inú yàrá àdánìkanwà tí wọ́n fi í sí lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ni nǹkan ti yí padà. Ìwé kan tí ó mú wọ ibẹ̀ jẹ́ àkójọ eré oníṣe àwọn òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú. Day of Absence, tí Douglas Turner Ward kọ, wà nínú rẹ̀. Nínú eré náà, ilẹ̀ mọ́ ní ìlú kan ní gúúsù Amẹ́ríkà, kò sì sí aláwọ̀ dúdú kankan nílùú mọ́. Ọmọ ń ké, ìdọ̀tí gba ojú títì, àwọn òyìnbó ò mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú tó kun ojú ní ẹfun ló sì ń ṣe òyìnbó. Bí Dutton ṣe jáde nínú yàrá náà, ó kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n jọ, ó lọ bá ọ̀gá ọgbà pé kó jẹ́ kí wọ́n ṣe eré náà. Ọ̀gá gbà, àmọ́ ó ní kí Dutton kọ́kọ́ ṣe ìdánwò ìwé ẹ̀rí girama. Ó ṣe é, wọ́n sì ṣeré náà lójú àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ wọn.

Ó gba ìtúsílẹ̀ ní 1976. Ó kàwé gboyè ní Towson ní 1978, ó sì parí ẹ̀kọ́ tíátà ní Fáṣítì Yale ní 1983, lábẹ́ olùkọ́ rẹ̀, Lloyd Richards. Ẹni tó bá ní oríire lásán ló gbé e dókè kò ka ọdún méje tó wà láàárín 1976 àti 1983 sí.

Ní 1984, Richards darí Ma Rainey's Black Bottom, eré tí August Wilson kọ, ní Broadway, gbàgede tíátà ní New York. Dutton ló ṣe Levee, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fun fèrè, tí ìbínú ti kún nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Toledo, tẹ bàtà tuntun Levee mọ́lẹ̀, Levee sì fi ọ̀bẹ gún un pa. Ẹni tó ti fi ọ̀bẹ pa ènìyàn nígbà èwe ló ń ṣe èyí lálaalẹ́ lójú èrò. Ìgboyà ńlá nìyẹn. Wọ́n yàn án fún àmì-ẹ̀yẹ tíátà, Tony, wọ́n sì tún yàn án ní 1990 fún eré The Piano Lesson. Nínú èyí, ó ṣe Boy Willie, tí òun náà ti ṣẹ̀wọ̀n rí, tó fẹ́ ta dùùrù tí wọ́n gbẹ́ ojú àwọn baba ńlá sí lára, kó lè fi owó rẹ̀ ra ilẹ̀.

Láti 1991 dé 1994, orúkọ òkò yẹn di orúkọ eré tẹlifíṣàn rẹ̀, Roc, nípa agbálẹ̀-kódọ̀tí kan ní Baltimore. Gbogbo ìpín ọdún kejì eré náà ni wọ́n ṣe ní tààrà, láìsí àtúnṣe, bíi ti orí ìtàgé. Ní 2000, ó padà sí Baltimore láti darí eré tẹlifíṣàn The Corner, ìtàn ìdílé kan tí oògùn olóró tú ká, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Emmy fún iṣẹ́ olùdarí.