Yíyan Yunifásítì fún Ẹ̀kọ́ Ara àti Àrùn: Láti Sàró dé Ìdí-Àràbà

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni òwe yìí fi ṣe atọ́nà fún ọmọ Yorùbá tí ó bá fẹ́ mọ bí ara ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí àrùn ṣe ń bà á jẹ́. Kò sí ibi tí ó ti lè kọ́ ọ nílé; òkun ni ó ní láti là kọjá. Lónìí, ọmọ tí ó ń gbé ní Ìsọlọ̀ lè jí ní ilé bàbá rẹ̀, kí ó wọ ọkọ̀ gba Mushin, kí ó sì dé Kọ́lẹ́jì Ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà ní òwúrọ̀ kan náà. Bí ọ̀nà yìí ti kúrú tó, ìtàn rẹ̀ gùn. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ yan yunifásítì fún ẹ̀kọ́ yìí yóò rí ọgbọ́n kọ́ nínú ìtàn náà.

Ẹ̀ka méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Èkíní ni fisiọ́lọ́jì, ìmọ̀ iṣẹ́ ara: bí ọkàn ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri, bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń gba afẹ́fẹ́ sínú, bí oúnjẹ ṣe ń di agbára. Èkejì ni patọ́lọ́jì, ìmọ̀ àrùn: ohun tí ó ń fa àìsàn, àmì tí ó ń fi sínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara, àti ọ̀nà tí ó ń gbà pa ènìyàn. Méjèèjì ni ìpìlẹ̀ tí a fi kọ́ ilé ìṣègùn òyìnbó.

Ní ọdún 1855 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀. Ibà ń pa àwọn oníṣègùn òyìnbó tí ó wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìjọba sì pinnu láti kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ní iṣẹ́ ọ̀hún. Nípasẹ̀ ìjọ C.M.S., a yan ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Fourah Bay, ní Sierra Leone tí àwọn Yorùbá ń pè ní Sàró: William Broughton Davies, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, James Beale Horton, ọmọ Ìgbò, àti Samuel Campbell. King's College ní Lọ́ńdọ̀nù ni a rán wọn lọ. Àìsàn dá Campbell padà sílé, ó sì kú. Àwọn méjì yòókù gba ìwé ẹ̀rí oníṣẹ́ abẹ ní 1858. Davies lọ gba oyè M.D. ní St Andrews. Horton lọ sí Edinburgh, ó sì gba tirẹ̀ ní 1859, lórí ojú ọjọ́ àti àrùn etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tí ó yan ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Ìjọba ni ó yàn fún wọn. Ṣùgbọ́n ipa ẹsẹ̀ wọn di ọ̀nà tí àwọn mìíràn ń tọ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni aláìsàn pọ̀ sí nínú ilé ìwòsàn ńlá, níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ojú rí àrùn. Ṣùgbọ́n King's College ń kọ́ ni ní iṣẹ́, kì í fúnra rẹ̀ fún ni ní oyè. Àwọn yunifásítì Scotland ní tiwọn máa ń gba ẹni tí ó ti kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn a sì fún un ní oyè bí ó bá yege nínú ìdánwò wọn. Báyìí ni Nathaniel King, ọmọ àlùfáà Thomas King, ṣe kẹ́kọ̀ọ́ ní King's College, tí ó sì gba oyè ní Aberdeen ní 1876. Báyìí náà ni Obadiah Johnson ṣe gba Lọ́ńdọ̀nù dé Edinburgh. Obadiah yìí ni àbúrò Samuel Johnson. Nígbà tí ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé, òun ni ó jókòó tì í tí ó tún un kọ, tí a fi rí i tẹ̀ jáde ní 1921. Gbogbo ẹni tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa Yorùbá ni ó jẹ dókítà yìí ní gbèsè.

Ìmọ̀ tí a kó ti òkèèrè bọ̀ kò tó fún iṣẹ́ ilé. Oguntola Sapara, tí ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní 1895, bá àrùn ṣànpọ̀nná nílẹ̀ ní Èkó. Kò sí olùkọ́ kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó lè sọ fún un bí àwọn abọrẹ̀ kan ṣe ń mú kí àrùn náà ràn. Ó wọ inú ẹgbẹ́ wọn, ó mọ àṣírí náà, ó sì tú u. Ìjọba sì fi òfin de ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn náà. Ìmọ̀ àrùn kò lè pé níbi tí àrùn náà kò sí.

Síbẹ̀, oyè Edinburgh kò gba gbogbo wọn lọ́wọ́ ìyà. Ní 1902 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ìjọba sílẹ̀ fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n sì là á kalẹ̀ pé ẹni tí òbí rẹ̀ bá jẹ́ òyìnbó nìkan ni yóò wọ̀ ọ́. Ọmọ Áfíríkà tí ó bá òyìnbó jókòó ní kíláàsì kan náà, tí ó sì yege nínú ìdánwò kan náà, kò lè bá a jókòó nínú ẹgbẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fún iṣẹ́ àdáni. Síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kò dẹ́kun lílọ. Agnes Yewande Savage gba oyè ní Edinburgh ní 1929, òun ni obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó di dókítà. Elizabeth Abimbola Awoliyi sì gba tirẹ̀ ní Dublin ní 1938.

Ní àkókò yìí, a ti ń wádìí àrùn nílẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀. Ní 1925 ni àwọn onímọ̀ tí ilé-iṣẹ́ Rockefeller rán wá tẹ̀dó sí Yábàá láti wá gbòǹgbò ibà pọ́njú. Ní 1927, wọ́n rí kòkòrò àrùn náà gbà láti ara ọkùnrin ará Gold Coast kan, wọ́n sì fi ọ̀bọ dán an wò. Ní ọdún yẹn kan náà ni ibà yìí pa Adrian Stokes, ọ̀kan nínú wọn, ní Èkó. Iṣẹ́ patọ́lọ́jì tí gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀ ń lọ ní Yábàá, ṣùgbọ́n kò sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan nílẹ̀ náà tí ọmọ onílé ti lè kọ́ ọ.

Ìyẹn ni ó mú kí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí ìjọba ṣí ní Yábàá ní 1930 dà bí ìdáhùn àdúrà. Ṣùgbọ́n inú àwọn òbí kò dùn pẹ́. Olùrànlọ́wọ́ dókítà ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ń dá sílẹ̀. Nàìjíríà nìkan ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ mọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò kà á sí. Ìbínú lórí Yaba Higher College, tí ẹ̀kọ́ náà wà lábẹ́ rẹ̀, wà lára ohun tí ó bí Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Èkó ní 1934, tí ó padà di Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Nàìjíríà. Ẹ wo àwọn tí ó léwájú: Dókítà James Churchill Vaughan tí ó gba oyè ní Glasgow ní 1918, àti Dókítà Kofo Abayomi tí ó gba ti Edinburgh ní 1928. Wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín oyè àti àbọ̀ oyè, wọn kò sì fẹ́ kí a fi àbọ̀ fún àwọn àbúrò wọn.

Ibadan ni ó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́jì bẹ̀rẹ̀ ní 1948, oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń fún ni, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ìmọ̀ ara nílé. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tí ó wà nílẹ̀ kò tó fún ẹ̀kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, wọ́n sì tún ní láti lọ parí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1957 ni ilé ìwòsàn U.C.H. ṣí. Ní 1960, ọdún òmìnira, ni àwọn dókítà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ náà parí nílé jáde. Lẹ́yìn èyí, ní 1962, Yunifásítì Èkó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìdí-Àràbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn ńlá. Ní 1999, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkẹjà. Bẹ́ẹ̀ ni Ìsọlọ̀, ìlú Àwórì tí ilé Èkó ti yí ká, ṣe di ìlú tí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn méjì kò jìnnà sí.

Ìbéèrè wo wá ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè? Ìtàn yìí kọ́ ni ní mẹ́ta. Èkíní ni ti Yábàá: níbo ni ìwé ẹ̀rí náà ti níyì? Ẹni tí ó gba oyè fisiọ́lọ́jì ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó ti gba oyè gidi, ó sì lè di olùkọ́ tàbí olùwádìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dókítà, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ pé ọdún tí ó parí ni yóò tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Patọ́lọ́jì pẹ̀lú, ẹ̀yìn oyè ìṣègùn ni dókítà ti ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe dókítà lè gba ọ̀nà ìmọ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara wọ inú rẹ̀. Èkejì ni ti Ìbàdàn: ǹjẹ́ ilé ìwòsàn tí ó tó wà níbẹ̀? Yàrá ìkàwé nìkan kò lè kọ́ ni ní àrùn. Ẹ̀kẹta ni ti Sapara: ta ni akẹ́kọ̀ọ́ náà fẹ́ tọ́jú? Bí ó bá jẹ́ àwọn ará Ìsọlọ̀ àti Mushin ni, ó dára kí ó mọ ohun tí ó ń ṣe wọ́n.

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé kí ọmọ má rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n Horton, Johnson àti Sapara lọ nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn, Vaughan àti Abayomi sì jà kí ọ̀nà mìíràn lè wà. Ọmọ tí ó bá ń lọ lónìí ní ohun tí wọn kò ní: ó lè yàn. Kí ó yàn pẹ̀lú làákàyè, kí ó sì rántí pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko.