Ìpá: Láti Ìgbànú dé Àwọ̀n

Bí ẹ bá bi àwọn alábàárù ọjà Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta, wọ́n á ní ẹrù ló ń fa ìpá. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Ibi tí ẹran ikùn bá ti tín-ín-rín tàbí tó lanu ni ìfun ń gbà yọrí síta, pàápàá bí èèyàn bá ń wúkọ́, tó ń fi tipátipá yàgbẹ́, tàbí tó gbé àpò gààrí. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló gbé ihò yẹn wá láti inú ìyá wọn: ọ̀nà tí kórópọ̀n gbà sọ̀kalẹ̀ kò padé. Ẹrù kàn tú àṣírí rẹ̀ ni.

Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830, àgbo àti gbẹ́rẹ́ ni oníṣègùn ní fún ìpá. Kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o: ìgbànú onírin ni àwọn dókítà Yúróòpù náà ń dì mọ́ aláìsàn tiwọn. Ọdún 1846 tí míṣọ́nnárì Henry Townsend wá jókòó sí Abẹ́òkúta, ọdún náà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ether mú aláìsàn sùn lójú ọ̀pọ̀ èèyàn ní Boston kí wọ́n tó là á. Dókítà Harrison ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS dé sílùú ní 1861, ó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ìṣègùn. Nathaniel King tó di dókítà ní Èkó wà lára wọn. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó lè dí ihò ìpá kó má tún là nígbà náà. Edoardo Bassini ará Ítálì ló rí ojútùú rẹ̀ ní 1884: ó dá ìfun padà, ó gé àpò tó bò ó kúrò, ó wá rán ẹran ikùn ní ìpele ìpele. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ìyẹn, ní 1895, ìjọ Àgùdà dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò ní Abẹ́òkúta, tí Fadá Jean-Marie Coquard sì wà nídìí rẹ̀.

Ìpá kì í ṣe ọ̀kan. Èyí tó ń yọ níbi tí itan ti so mọ́ ikùn ló pọ̀ jù lára ọkùnrin. Èyí tó ń yọ lókè itan, nísàlẹ̀ ìyẹn díẹ̀, obìnrin ló sábà máa ń ní in, ó sì yára há. Òmíràn ń gba ojú àpá iṣẹ́ abẹ àtijọ́ jáde. Ti ìdodo ọmọdé ni ẹ̀rù rẹ̀ kéré jù. Ọ̀pọ̀ ló ń padé fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún márùn-ún. Kọ́bọ̀ tí àwọn ìyá ń dì mọ́ ọn kò ṣe é ní nǹkan kan, bí kò bá dá egbò sí i lára.

Francis Usher ará Amẹ́ríkà ló wá sọ àwọ̀n oníke di ohun tí wọ́n fi ń lẹ ihò ìpá pa ní 1958. Àwọ̀n yẹn wọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà ní Íńdíà fi kọ́kọ́ lo àwọ̀n ẹ̀fọn tí kò ní oògùn nínú, tí wọ́n ti fi ooru gbígbóná pa kòkòrò ara rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Uganda lára ọkùnrin tó lé ní 300, tó jáde ní 2016, sì fi hàn pé kò yàtọ̀ sí àwọ̀n olówó ńlá.

Ní tèmi, ìpá fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń pani, ìdádúró ni. Bó bá le gbagidi, tó ń dunni, tí kò ṣeé tì padà, tí èébì sì bẹ̀rẹ̀, ìfun ti há nìyẹn, ó sì lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Kì í ṣe àsìkò àgbo inú ìgò ní gáréèjì mọ́. Ìdí-Àbà, níbi tí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà, kò jìnnà sí Kútọ̀. Ẹni tó bá tètè ṣe tirẹ̀ kó tó há, ó lè sùn sílé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.