Ṣé Òfò Ni Ìbò Ẹni Tí Kò Lè Wọlé?

Ẹ rántí àríyànjiyàn wa ní Baruwa lọ́jọ́sí? Ọ̀rẹ́ wa kan ní òun ò ní dìbò mọ́, torí ẹni tó wu òun ò lè wọlé. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ, 1979, èèyàn 5 ló du ipò Ààrẹ. Shehu Shagari ní ìbò 5,688,857. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 4,916,651. Ṣùgbọ́n òfin tún béèrè ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19. Ìpínlẹ̀ 12 ni Shagari ti rí i. Ní Kano, bí ìdá 20 nínú 100 péré ló ní. Ta ló dí i lọ́nà? Mallam Aminu Kano ni, ẹni tó ṣe ipò kẹrin! Àwọn ará ilé rẹ̀ ló kó ìbò fún un.

FEDECO ní 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ti tó. Awólọ́wọ̀ ní 13 ni. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá Shagari láre. Ìbò ẹni kẹrin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ìdìbò náà padà yẹn o.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé: níbi tí ìbò tó pọ̀ jù nìkan ti tó, bíi ti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, bí àwọn tọ́rọ̀ wọn jọra bá pín ìbò, alátakò ló máa jẹ ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ mọ òfin ayò kẹ́ ẹ tó ta á. Ọ̀rẹ́ wa, jọ̀ọ́, lọ dìbò.