Ojú Irin, Ilé Ẹmu àti Èrò Òkè-Ògùn

Kò sí ojú irin kan tó la ilẹ̀ Òkè-Ògùn kọjá. Láti Ìṣẹ́yìn dé Òkèhò, láti Òkèhò dé Ṣakí, títí lọ dé Ìgbòho àti Kíṣí, ẹsẹ̀, ẹṣin, kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ akẹ́rù ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń rin ìrìn àjò wọn. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ọkọ̀ ojú irin ṣe sí ìgbé ayé àwọn Yorùbá kò gbọdọ̀ fo àwọn tí ojú irin kò dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí àwọn ló ní láti dìde lọ bá a. Èrò tó ń ti Ṣakí lọ sí Èkó láyé bọ́lẹ̀kájà yóò kọ́kọ́ jókòó lórí pákó ọkọ̀ akẹ́rù títí dé Ìbàdàn. Yóò sọ̀kalẹ̀ ní Dùgbẹ̀ tòun ti ẹrù, eruku àti òùngbẹ. Wákàtí mélòó ló kù kí ọkọ̀ ó tó dé? Níbo ni ẹmu gidi wà tí ẹsẹ̀ lè gbé e dé, tí yóò sì tún gbé e padà kí fèrè ó tó dún? Ìbéèrè méjì yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ìtàn tó wà nínú wọn pọ̀.

Ní 1896 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ojú irin láti Èkó. Ó dé Abẹ́òkúta kí ọ̀rúndún náà tó parí, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 1901. Láti Ìbàdàn, kò yà sí Ọ̀yọ́. Ìhà ìlà-oòrùn ni ó gbà, ó gba Ìwó àti Ẹdẹ kọjá, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ìkìrun, Òkukù àti Ọ̀ffà wọ Ìlọrin, ó sì kan odò Ọya ní Jẹ́bà ní 1909. Bí ènìyàn bá wo ọ̀nà yìí lórí àwòrán ilẹ̀, yóò rí i pé ńṣe ni ó kẹ́yìn sí Òkè-Ògùn. Ohun tí ìjọba fún ìhà Ọ̀yọ́ ni ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn ní 1906, pẹ̀lú ọkọ̀ ìjọba tó ń kó èrò àti ẹrù wá pàdé ọkọ̀ ojú irin. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà pé ará Òkè-Ògùn yóò fi mọ́tò wá ojú irin lọ, yóò sì dúró dè é.

Ìdúródè yìí ló bí ilé ọtí. Ọkọ̀ mọ́tò kì í pẹ́ kó tó lọ, bí èrò bá ti kún, awakọ̀ á ti tẹ iná. Ti ọkọ̀ ojú irin yàtọ̀. Ó ní àkókò tí wọ́n kọ sára ògiri, ó sì tún ní àkókò tirẹ̀ gan-an tí kò bá ti ara ògiri mu. Láàárín àkókò méjèèjì yìí ni oúnjẹ, ẹmu, ìtàkùrọ̀sọ àti orin ti ráyè. Kò sí ìdíkọ̀ ńlá kan láti Ìdó dé Ọ̀ffà tí àwọn obìnrin kò tẹ́ àtẹ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí akèrègbè ẹmu kò sì sí láàárín wọn.

Ṣùgbọ́n ẹmu ẹnu ọ̀nà ìdíkọ̀ kọ́ ni ẹmu tó dára jù. Ìdí èyí kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tó ń ta ẹmu fún èrò ọkọ̀ mọ̀ pé èrò náà lè má padà wá mọ́ láéláé. Bí ó bá bomi là á, tàbí tí ó fi ìdàjì ti àná lú ti òní, kí èrò tó mọ̀, ọkọ̀ ti gbé e lọ. Ẹni tó ń tà á ní àdúgbò ẹ̀yìn ọjà, ní ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ibẹ̀, àwọn oníbàárà kan náà ni yóò tún fojú kàn lọ́la: àwọn alábàárù, àwọn tó ń da èédú sínú iná ọkọ̀, àwọn akọ̀wé ilé iṣẹ́ ojú irin. Bí ẹmu rẹ̀ bá kan, wọn kò ní í dákẹ́. Èyí ni àwọn èrò tó gbọ́n fi ń tẹ̀lé alábàárù lọ síbi tí òun náà ti ń mu, dípò kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó.

Àmì mìíràn tún wà, wọ́n sì jẹ́ ìmọ̀ tí kò sí nínú ìwé. Bí ẹmu bá ti ń kán sínú adó lórí ọ̀pẹ ni ó ti ń yí padà. Ní òwúrọ̀ ó dùn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má pa ènìyàn. Nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí ó ti le. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ó ti kan, ọbẹ̀ ló kù tí a lè fi í sè tàbí kí a pọn ọn di ògógóró. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀wọ̀ tí a ní fún olówó ilé ni a fi ń mọ ilé ẹmu rere, bí kò ṣe bí ọ̀pẹ ṣe jìnnà sí i tó. Ìfóófòó tó ń ru láìdáwọ́ dúró, kòkòrò oyin tó yí ẹnu akèrègbè ká, àti adẹ́mu fúnra rẹ̀ tó ń bọ̀ láti oko pẹ̀lú igbà lọ́rùn, ẹ̀rí tó tó ni gbogbo wọn. Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ní oko ọ̀pẹ nítòsí, ẹmu sì pọ̀ níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń kọjá Òkukù sí ìhà Ọ̀ffà àti Ìlọrin, igbó ń tán, ọ̀dàn ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀pẹ sì ń dín kù.

Ní ibi tí igbó ti ń tán yìí, ààlà mìíràn tún wà tí ojú kò rí. Ìjọba àmúnisìn Àríwá fi òfin de ọtí líle òyìnbó, bẹ́ẹ̀ Ọ̀ffà àti Ìlọrin wà lábẹ́ Àríwá. Ní Gúúsù ẹ̀wẹ̀, owó bodè orí jíìnì àti ṣínáàpù ló pọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé fún ìjọba kí ó tó di 1914. Ìjọba kan náà, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ojú irin kan náà. Síbẹ̀ ìgò tó jẹ́ orísun owó ní Ìkìrun ti di ẹ̀ṣẹ̀ ní Ọ̀ffà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tó bá ń wá àpẹẹrẹ ohun tí ìjọba méjì nínú orílẹ̀-èdè kan túmọ̀ sí kò nílò èyí tó yanjú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1919 ni wọ́n wá fi òfin de kíkó ọtí líle olówó pọ́ọ́kú wọ Gúúsù pẹ̀lú. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, tí owó kò sí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn láti ra èyí tó kù, ni pípọn ògógóró gbilẹ̀: wọ́n ń se ẹmu tó ti kan nínú àgbá, wọ́n ń gba ooru rẹ̀ sínú páìpù tó la omi tútù kọjá, ohun tó ń kán jáde ni ọtí. Ìjọba sọ ọ́ ní ọtí àìbófinmu, ó sì ń jù àwọn tó ń pọn ọ́n sẹ́wọ̀n. Ìwà àìtọ́ ni èyí. Ọtí tí kò mú owó bodè wá ni wọ́n bá jà, ohun tí ọtí ń ṣe sí ara ọmọ ènìyàn kọ́ ni ó kọ́kọ́ dùn wọ́n.

Àwọn ará Ṣakí mọ̀ nípa irú ọtí yìí láti ìhà mìíràn. Bí ènìyàn bá fi okùn wọn àwòrán ilẹ̀, ojú irin tó sún mọ́ Ṣakí jù lọ kì í ṣe ti Ìbàdàn, kì í sì í ṣe ti Ìlọrin. Ti àwọn Faransé ni, èyí tó ti Kùtọnu wá, tó dé Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú Yorùbá, ní 1911, tó sì dé Parakú ní 1936. Tchaourou tó wà lójú ọ̀nà náà kò ju nǹkan bí 90 kìlómítà lọ sí Ṣakí ní ìtòró. Ìlọrin ju 120 lọ. Ṣùgbọ́n bodè wà láàárín, owó méjì, èdè ìjọba méjì. Ní ìhà ọ̀hún, ọmọ Dahomey kan tó jagun fún Faransé nínú ogun àgbáyé kìíní, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sodabi, ni wọ́n sọ pé ó mú ọgbọ́n pípọn ọtí láti inú ẹmu wá sílé. Orúkọ rẹ̀ náà sì ni wọ́n ń pe ọtí náà títí di òní. Àwọn ènìyàn méjèèjì bodè ń mu ohun kan náà lábẹ́ orúkọ méjì.

Ká padà sí Dùgbẹ̀. Lẹ́yìn tí ojú irin dé, àwọn àlejò tó tẹ̀lé e wá kò wọ inú Ìbàdàn àtijọ́ lọ títí. Ìtòsí ìdíkọ̀ ni wọ́n tẹ̀dó sí. Orúkọ Èkótẹ̀dó fúnra rẹ̀ ti sọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Láti Dùgbẹ̀, ẹsẹ̀ ni ènìyàn fi ń rìn dé ibẹ̀ àti dé Adamásíngbà, ibẹ̀ sì ni ilé ọtí, ilé àlejò àti ilé ijó ti pọ̀ jù ní Ìbàdàn láàárín 1950 sí 1970. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ọtí ní Èkó gbé ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní 1949, ọkọ̀ ojú irin wà ní sẹpẹ́ láti gbé e. Bíà kì í kan lọ́jọ́ kejì bí ẹmu, kò sì béèrè ọ̀pẹ nítòsí. Bí ó ti ń tàn kálẹ̀ ni ìmọ̀ àmì ẹmu ń dín wúlò: ẹni tó mọ orúkọ ara ìgò kò nílò kí ó mọ adẹ́mu.

Ohun tó yẹ kí olùkọ́ lítíréṣọ̀ fi sọ́kàn ni pé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni eré onítàn Yorùbá ti rí ààyè. Ní 1961 ni Ulli Beier àti àwọn òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn, nítòsí ọjà Dùgbẹ̀, nínú ilé tó ti jẹ́ ilé oúnjẹ àwọn ará Lẹ́bánónì tẹ́lẹ̀. Ní Òṣogbo, tí òun náà jẹ́ ìlú ojú irin, Dúró Ládipọ̀ ní ilé ọtí kan tó ń jẹ́ Popular Bar. Ilé ọtí yìí gan-an ni ó sọ di Mbari Mbayo ní 1962, tí wọ́n sì fi eré Ọba Mọ́rò ṣí i. Lọ́dún tó tẹ̀lé e ni Ọba Kò So jáde níbẹ̀, eré tí wọ́n gbé dé Berlin ní 1964. Ìtàn Ṣàngó, ọba Ọ̀yọ́, ti inú ilé tí wọ́n ti ń ta ọtí bọ́ sójú ayé. Àwọn tó ń ka eré náà fún ìdánwò kì í sábà rántí pé inú ilé tó ti jẹ́ ilé ọtí tẹ́lẹ̀ ni òǹwòran rẹ̀ àkọ́kọ́ ti wò ó.

Òkè-Ògùn kò ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ní Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí, ẹ̀sìn Ìsìláàmù múlẹ̀, ilé ọtí kì í sì í gbé àárín ìlú. Ẹ̀gbẹ́ gáréèjì ni ó wà, tàbí ìta ìlú níbi tí àwọn àlejò ń gbé. Ọtí ibẹ̀ náà yàtọ̀: ọkà bàbà ni ọ̀dàn fi dípò ọ̀pẹ. Àwọn obìnrin a rẹ ọkà náà sómi, wọ́n a jẹ́ kí ó hù, wọ́n a sá a, wọ́n a lọ̀ ọ́, wọ́n a sè é, wọ́n a sẹ́ ẹ, wọ́n a sì fi í sílẹ̀ kí ó mọ́jú. Àwọn àgbẹ̀ tó ti ìhà Bẹ́núé wá ṣiṣẹ́ oko wà lára àwọn oníbàárà wọn tó pọ̀ jù. Ó ṣòro láti gbà pé ìlú tí kò ní ilé ọtí lẹ́bàá ojú irin pàdánù ohun ńlá, bí ènìyàn bá ń ro ti ọtí nìkan. Ohun tó bọ́ lọ́wọ́ wọn ni ìpàdé: oníṣòwò aṣọ òfì láti Ìṣẹ́yìn ní láti lọ bá oníbàárà rẹ̀ ní ọjà Ọjẹ́ ní Ìbàdàn, nígbà tí oníbàárà ará Òṣogbo ń sọ̀kalẹ̀ sí ìlú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà ti yí padà báyìí. Ní oṣù kẹfà 2021 ni ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, 157 kìlómítà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Dùgbẹ̀ kọ́ ni ó parí sí. Mọ́níyà ni, ní ìdíkọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè, létí ọ̀nà tó lọ sí Ìṣẹ́yìn gan-an. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì tún ọ̀nà náà, tó gba Ìjàyè kọjá, ṣe ní nǹkan bí ìgbà kan náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1901, ojú irin dojú kọ Òkè-Ògùn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí ń lọ ní àkókò tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, ìrìn àjò náà kò sì ju nǹkan bí wákàtí méjì àti ààbọ̀ lọ. Èrò tó ti Ìṣẹ́yìn jáde ní òwúrọ̀ yóò rí akèrègbè ẹmu létí títì kí ó tó dé ìdíkọ̀. Bí ó bá dúró mu ún, ọkọ̀ lè ti lọ.